Kí Lo Kó Wá Sí Ààtàn?

Ẹ máa rẹ́rìn-ín yín lọ. Mo gbọ́ yín láàárọ̀ nígbà tí mo ń da eépo ọsàn sẹ́yìn ilé, tí mo sọ ọ́ síta pé, "Eépo ọsàn ni o, kò sí nǹkan mìíràn nínú ẹ̀." Mo gbọ́ Títí tó ń sọ fún àwọn tó kù pé, "Mama ti tún ń bá pàǹtí sọ̀rọ̀." Ojú mi ló ń ṣe bàìbàì, etí mi kò tíì di. Ẹ jókòó. Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu ló ń wúwo.

Títí, ìwọ lo gbé garawa olómorí yẹn wá láti ilé ìwé yín, o ní wọ́n ní kí ẹ máa kó pàǹtí ilé jọ kó jẹrà, kó di ajílẹ̀. O bi mí pé, "Mama, ṣé a lè da eépo ẹyin sí i? Eegun ńkọ́? Bébà ńkọ́?" Mo wò ọ́, mi ò dá ọ lóhùn, o sì rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ni. Èmi! Kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ọ, irú ìbéèrè yẹn ni mò ń jí gbọ́ láràárọ̀, ẹni tó sì ń bi mí kò ríran.

Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti gbé mi níyàwó wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, láyé ìgbà tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú gbogbo wa, tí wọ́n ń pe ilẹ̀ wa ní Wẹ́sítàn Ríjọ̀n, tí àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, tí kòkó sì níyì ju ohunkóhun lọ. Ọkọ mi, bàbá yín àgbà, ní oko kòkó lọ́nà Mámu. Ilé alámọ̀ onípáànù là ń gbé, àwa pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wọn àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn, tí í ṣe ìyálé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé gan-an ni ìyá tó bí ọkùnrin méjèèjì. Ìyá Àgbà là ń pè wọ́n. Ojú wọn ti fọ́ kí n tó dé.

Ẹ̀yìn ilé ni Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí, lórí àpótí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó kọjú sí ààtàn, ìgò aáṣà lápá kan, ọ̀pá lápá kejì. Ní ìdàájí, ẹ ó gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti agboolé dé agboolé, ṣàà, ṣàà, ṣàà, gbogbo àdúgbò á máa dún bí òjò tó ń bọ̀ lórí ewé. Ẹ ò lè gbọ́ ọ mọ́. Símẹ́ńtì ti bo ilẹ̀, kálukú sì ti ti géètì mọ́ra rẹ̀. Bí a bá gbálẹ̀ tán, a ó kó o sínú agbọ̀n, a ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, kí o sì tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ọ̀pá Ìyá Àgbà ti dábùú ọ̀nà.

"Ta nìyẹn? Kí lo kó wá?"

Òfin ilé ni. O gbọ́dọ̀ dúró, kí o sọ gbogbo ohun tó wà nínú agbọ̀n síta ketekete. "Eépo ewùrà ni, Ìyá, àti ewé ẹ̀kọ àná, àti eérú." Wọ́n á ní, "Ṣé eérú náà ti kú?" Wọ́n á na ọwọ́ sí i, wọ́n á fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbé ọ̀pá kúrò: "Ó dáa. Dà á síbẹ̀." Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn: "Gbé e padà." Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Kódà ọkọ mi, tó ga bí ọ̀pẹ, mo ti rí wọn tí wọ́n gbé agbọ̀n padà.

Eépo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ ni ín. Èyí tí ewúrẹ́ bá jẹ kù ni ti ààtàn. Èèpo obì tí a bó nínú omi, tó ti ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, Ìyá Àgbà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, wọ́n ní ó ń mú ilẹ̀ dúdú. Omi tó ń kán lára ẹ̀gẹ́ tí a rin fún gààrí, tí a gbé òkúta lé, èèwọ̀ ni. Wọ́n ní ohun tó lè pa ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ kán síbi tí ẹ̀fọ́ yóò ti hù. Ìgò fífọ́, rárá, nítorí ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ wá wú ilẹ̀dú lọ́la. Irun orí àti èékánná, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Ẹja ńkọ́? Bí àwọn obìnrin Ìwọ̀pin bá gbé ẹja omi wá sọ́jà, tí a rà, ìfun rẹ̀ kì í dé orí ààtàn. Kòtò tó mu èèyàn dé orúnkún là ń sin ín sí. Mo gbẹ́ kòtò tèmi ní ráńpẹ́ lọ́jọ́ kan. Ajá mẹ́ta tú u, wọ́n wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ fi áńkáṣífù bo imú. Oṣù kan gbáko ni Ìyá Àgbà fi ń pè mí ní Ìyá Alájá.

Ààtàn méjì la ní. Bí a bá ń da pàǹtí sí ọ̀kan, èkejì ń sinmi, ọdún á yípo lórí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó wú èyí tó sinmi. Háà, ọjọ́ ńlá! Gbogbo obìnrin agboolé á kó agbọ̀n jáde, orin lẹ́nu, ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ilẹ̀dú náà á ṣú dẹ̀dẹ̀, á gbóná lọ́wọ́ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. A ó rí ṣíbí tó sọnù lọ́dún tó kọjá, a ó rí yẹtí ẹni kan, ariwo á sọ. A ó rù ú lọ sí ìdí ebè ewùrà, ìkọ́kọrẹ́ la ó sì fi pa ọjọ́ náà rẹ́. Lónìí, ẹ wo ẹ̀yìn ilé yìí. Ọ̀rá piọ́ wọ́tà, ọ̀rá búrẹ́dì, ìlédìí ọmọ tí kò ní jẹrà títí tí ọmọ náà fi máa bímọ.

Wolé-wolé wá bá wa nígbà kan, ó wọ kakí, ó ní ààtàn ń kó ẹ̀fọn jọ. Ọ̀pá dábùú ọ̀nà. "Ta nìyẹn? Kí lo kó wá?" Ọkùnrin náà ní, "Ìwé ìjọba ni mo kó wá, Ìyá." Ìyá Àgbà ní, "Ìwé? Fà á ya dáadáa, kí o dà á síbẹ̀. Á jẹrà." Ẹ̀rín pa wolé-wolé, ó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

Àwa ìyàwó náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dára. Ní ilé bàbá mi ní Àgọ́-Ìwòyè, igbó là ń da pàǹtí sí, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni. Mo máa ń pe Ìyá Àgbà ní Aṣọ́bodè lẹ́yìn wọn. Mo máa ń sọ fún ìyálé mi pé, "Ẹ jẹ́ n lọ san owó ibodè," a ó sì rẹ́rìn-ín títí. Mo wá mọ̀ pé bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Ìgbà tí mo mọ̀ ọ́n, igi ti wó.

Ọmọ kan wà nílé náà. Ọmọ ìyálé mi ni, ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo bá a nílé ni, nítorí náà mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ délé lórúkọ. Adúmáadán ni mò ń pè é, nítorí ó dúdú, ó sì ń dán. Òun ni ojú Ìyá Àgbà. Bí ó bá ti dé láti ilé ìwé, á jókòó ti àpótí wọn, á máa sọ ohun tó ń lọ fún wọn: ẹni tó ń kọjá, adìẹ tó pa ọmọ, ohun tó wà nínú agbọ̀n gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ìyá Àgbà kò ní eyín mọ́, nítorí náà bí a bá pa adìẹ, ẹ̀dọ̀ là ń fún wọn nítorí pé ó rọ̀. Wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n á na ọwọ́ wá orí Adúmáadán, wọ́n á fi ẹ̀dọ̀ náà sí i lẹ́nu. "Jẹ ẹ́, ojú mi. Kí o ríran fún wa."

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọdún kan wá dé tí kòkòrò ń fa omi ara kòkó mu, tí èso ń gbẹ mọ́ igi. Àwọn ọ̀gá àgíríkì kó oògùn wá, oògùn inú agolo, tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tí wọ́n ń fi páǹpù fín. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e wọlé o. Ṣùgbọ́n olè wà lóko, ọkọ mi sì gbé agolo àti páǹpù wálé, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí igun yàrá wa. Agolo náà ń jò. A kò tètè mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e kúrò, ilẹ̀ igun náà ti rin, ó dúdú, òórùn rẹ̀ ń gun imú bíi karosíìnì. Ọkọ mi fi ọkọ́ ha ilẹ̀ náà sínú agbọ̀n. Wọ́n ní, "Ìyàwó, gbé e lọ sínú igbó lọ́hùn-ún, kí ó jìnnà sódò. Sin ín. Má dà á síbòmíràn." Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn, ó di oko.

Oyún oṣù méje wà nínú mi. Ìyá ìwọ Títí ni. Oòrùn ń ta, ẹ̀yìn ń ro mí, igbó sì jìnnà. Mo gbé agbọ̀n náà, mo wo ọ̀nà igbó, mo wo ààtàn tó wà ní bí ìṣísẹ̀ ogún. Mo ní nínú ara mi pé ilẹ̀ náà ni ilẹ̀ ń jẹ́. Mo bu eérú lé e lórí kí òórùn rẹ̀ lè rọlẹ̀.

"Ta nìyẹn? Kí lo kó wá?"

Mo ní, "Eruku ilé ni, Ìyá."

Ọ̀fìnkìn ń bá Ìyá Àgbà jà lọ́jọ́ náà, aáṣà sì kún ihò imú wọn. Ṣùgbọ́n Adúmáadán jókòó tì wọ́n. Imú rẹ̀ kò dí. Ó na ọrùn wo inú agbọ̀n, ó gbójú sókè wò mí, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo ṣẹ́jú sí i. Mo fi ìka lé ètè, mo rẹ́rìn-ín sí i, bí ẹni tó ń bá ọmọdé ṣeré. Ọmọ náà fẹ́ràn mi. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń fi ẹ̀rín pa mọ́.

"Eruku nìkan?"

"Eruku nìkan ni, Ìyá."

Ọ̀pá kúrò lọ́nà. "Ó dáa. Dà á síbẹ̀."

Ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, adìẹ ńlá tó máa ń tú ààtàn wò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìẹ́gìẹ́ láàárín agboolé, ó ń fi ìyẹ́ gbá ilẹ̀. Ìyálé mi ní ká tètè dú u kó tó kú dànù. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn? Ẹran kì í ṣe ohun à ń sọ nù. Ìyálé mi sè é lọ́sàn-án. Oyún ò jẹ́ kí n lè jẹ ẹran, omi ọbẹ̀ ni mo fi jẹ èbà díẹ̀. Wọ́n bu ẹ̀dọ̀ fún Ìyá Àgbà bí a ti máa ń ṣe. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n wá orí ọmọ.

"Jẹ ẹ́, ojú mi."

Kí oòrùn tó lọ sílẹ̀, gìrì ti gbé Adúmáadán. Ojú rẹ̀ yí, eyín rẹ̀ pàdé, ó ń gbọ̀n lórí ẹní. Wọ́n fi àgbo gìrì pa á lára, wọ́n fi ṣíbí há a lẹ́nu. Bàbá Aládùúrà tó ń rán aṣọ lójúde wa sáré wá, ó gbàdúrà sómi, ó fún un mu. Bàbá ọmọ ń wá mọ́tò tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù. Kí mọ́tò tó dé, ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Orí fọ́ gbogbo àwa tó kù, ọkọ mi bì títí, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìyẹn nínú ẹkún? Ìyálé mi dìde lórí òkú ọmọ rẹ̀, ó na ìka sí ẹ̀yìn ilé níbi tí Ìyá Àgbà jókòó sí. "Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi fún un jẹ! Gbogbo wa la jẹ adìẹ, ta ló kú? Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ sí lẹ́nu ló kú!" Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ayé bẹ̀rẹ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n ní afọ́jú tó jẹ ojú ara rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí ààtàn. Mo rí alángbá mẹ́rin tó dojú délẹ̀. Mo rí adìẹ kejì tó ti kú. Ìgbà yẹn ló yé mi: oògùn tí mo dà ni adìẹ àkọ́kọ́ ti jẹ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì pọ̀ sí jù.

Mo sọ fún ọkọ mi. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Wọn ò lù mí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n di orí mú. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Èmi ni mo gbé oògùn wọlé. Ìwọ lo dà á. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́, á lé àwa méjèèjì jáde, tòun ti oyún inú rẹ. Pa ẹnu rẹ mọ́." Mo ní, "Ìyá yín ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ìyá mi ti dàgbà." Ìyẹn ni wọ́n sọ. Ọkùnrin dáadáa ni bàbá yín àgbà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí kórìíra wọn. Àwọn ló fi ọwọ́ ara wọn kó gbogbo ààtàn náà lọ sin nínú igbó. Ìbẹ̀rù ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, èmi náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìbẹ̀rù yẹn, nítorí mo ti ń wá ẹni tí yóò ní kí n dákẹ́.

Wọn ò lé Ìyá Àgbà. Ìbá tiẹ̀ sàn kí wọ́n lé wọn. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lórí àpótí wọn. Kò sí ọmọ tó tún gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé oúnjẹ wọn sí. Ìyálé mi sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dá wọn lóhùn mọ́ ní ẹ̀yìn ilé. Láràárọ̀, bí wọ́n bá gbọ́ ẹsẹ̀, ọ̀pá á dábùú ọ̀nà. "Ta nìyẹn? Kí lo kó wá?" Ẹni náà á gbé ẹsẹ̀ ré ọ̀pá kọjá láìfọhùn. Wọ́n á tún bi í. Ìró pàǹtí nìkan ni wọ́n á gbọ́. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun gbogbo síbẹ̀, ìgò, eegun, iná ààyè, ohun tó wù wọ́n. Mo bí ìyá yín. Wọn ò gbé e fún Ìyá Àgbà kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Mo lè gbé e lọ bá wọn, èmi ni mo bí i. Mi ò gbé e lọ.

Ọyẹ́ dé, ara Ìyá Àgbà ti joro. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kò sí ẹlòmíràn nílé, mo gbé agbọ̀n lọ sẹ́yìn. Ọ̀pá náà dábùú ọ̀nà.

"Ìyàwó. Mo mọ ẹsẹ̀ rẹ. Kí lo kó wá?"

Mo wẹ̀yìn wò. Mo ní, "Eépo ewùrà ni, Ìyá."

Wọ́n mi orí. Wọn ò gbé ọ̀pá kúrò. Wọ́n ní, "Ti ọjọ́ náà ńkọ́? Ọjọ́ tí ojú mi rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò sọ ohun tó rí fún mi. Kí lo kó wá lọ́jọ́ náà?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n ti mọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí yẹn láti ọ̀pọ̀ oṣù wá, wọ́n ń gbọ́ àjẹ́, àjẹ́, wọn ò sì dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Èmi àti àwọn nìkan ló wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni.

Mo ní, "Eruku ilé ni, Ìyá."

Wọ́n wá ìgò aáṣà wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò rí i, wọ́n ṣíwọ́. Wọ́n gbé ọ̀pá kúrò lọ́nà.

"Ó dáa. Dà á síbẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí a fi sin wọ́n. Èèyàn díẹ̀ ló wá. Ìyálé mi kú lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló pa ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé.

Ẹni bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Títí, gbogbo ohun tí o bi mí, n ó dáhùn. Eépo ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni, fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Eegun, rárá, àfi tí ẹ bá lè gbẹ́ kòtò tó jìn. Bébà, fà á ya. Oògùn ẹ̀fọn, ìgò oògùn, bátìrì, àti ohunkóhun tó bá ń gun imú, kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n kí o tó dà á, dúró, kí o sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ síta, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń gbọ́. Èmi ti ń sọ ọ́ láràárọ̀ láti ìgbà náà. Eépo ọsàn, mo sọ ọ́. Eérú, mo sọ ọ́. Ẹyọ agbọ̀n kan ṣoṣo ni mi ò tíì sọ.

Ìyá, kì í ṣe eruku ilé. Oògùn kòkó ni.

Ẹ mú fóònù yín, ẹ̀yin ọmọ. Kò sí ohun tí ẹ lè sọ. Ẹni tó yẹ kó sọ fún mi pé kí n gbé e padà ti kú.